Ẹ̀rọ Èéfín Ìyá Alásè

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Onífáànù mú ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti yan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín kúrò lórí sítóòfù gáàsì. Ìyá yan ọ̀kan, ọmọ yan òmíràn, ti ọmọ ni wọ́n gbé lọ sílé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Onífáànù. Òun ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ ńláńlá máa ń ránṣẹ́ pè bí èéfín bá fẹ́ lé àwọn alásè wọn jáde. Ó mọ bí a ṣe ń gé irin pẹlẹbẹ, bí a ṣe ń ká a di ọ̀nà atẹ́gùn, bí a ṣe ń lu ògiri tí kò fi ní sán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Onífáànù bá ti fi ẹ̀rọ sílé ìdáná ẹni, kí onítọ̀hún yáa di fìlà rẹ̀ mú. Inú rẹ̀ a sì máa dùn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ tí kò lágbára, ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Ìyá rẹ̀ ti se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ìyá Alásè sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń dá gbé nínú ilé kékeré tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́. Ilé ìdáná ibẹ̀ há, fèrèsé rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ikọ́ kan ti dì mọ́ ọn láyà. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó ní kí Màmá yáa jìnnà sí èéfín. Ọ̀rọ̀ náà dun Onífáànù bí ẹni tí wọ́n gbá létí ní gbangba. Ilé ni à á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde; òun tó ń fa èéfín kúrò nílé onílé, èéfín ń pa ìyá rẹ̀ lọ nílé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ kọ́ ara ògiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìyá Alásè kò bèèrè iye wọn, kò sì sọ nǹkan nípa àwọ̀ wọn. Ńṣe ló ń fọwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan bọ́tìnnì, á tẹ̀ ẹ́, á sì gbé etí sún mọ́ ọn.

"Èyí ń hó bí omi tíì," ló wí nípa àkọ́kọ́. Ó tẹ èkejì. "Ikọ́ tèyí gan-an ju tèmi lọ."

Ọmọbìnrin tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín.

Ó dé ìdí kékeré kan tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀, tí eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé etí sún mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún.

"Ọkọ mi, èyí ni mo fẹ́. Ó ń mí bí ọmọ tó sùn."

"Màmá! Èyí kẹ̀? Èyí ò lè fa ooru orí ife tíì."

"Mi ò kúkú ní kó fa òrùlé. Èéfín ni mo ní kó fà."

"Iṣẹ́ mi nìyí, Màmá. Ẹ wo èyí." Ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ńlá kan tó ń dán bíi dígí. Ariwo gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ó mú bébà kan, ó gbé e sábẹ́ rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bébà náà lẹ̀ mọ́ irin, kò já bọ́. "Ẹ rí i?"

Ìyá Alásè kọjú sí ibi tí ariwo ti ń wá. "Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Ṣé kò síbi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè rọra sọ̀rọ̀ ni?"

"Ariwo yẹn gan-an ni agbára, Màmá."

"Àgbá òfìfo náà ń pariwo."

Ọmọbìnrin ọlọ́jà tún rẹ́rìn-ín, Onífáànù náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àpò òun ni ìyá òun ń dá sí. Ó ṣe tán, kékeré ni àwọn ìyá máa ń na ọwọ́ sí bí ọmọ bá ní kí wọ́n mú ohun tó wù wọ́n. "Ẹ má dá mi sí, Màmá," ló wí, ó sì ní kí wọ́n gbé ńlá náà sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò mú ọmọṣẹ́ kankan dání. Ó ní ọwọ́ òun ni yóò ṣe ti ìyá òun. Ó fi aṣọ bo àwọn ìkòkò. Ó ní kí ìyá rẹ̀ dúró níwájú sítóòfù bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀ pọ̀, ó fi tépù wọn ibi tí iwájú orí rẹ̀ dé, ó fi ìbú ọwọ́ kan lé e, kí Màmá má baà máa forí gbá irin. Ó wọn gígùn apá rẹ̀, kí bọ́tìnnì má baà ga jù fún un. Ohun gbogbo tó ṣeé wọ̀n lára ìyá rẹ̀ ló wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ló fi ẹfun ya àmì roboto sára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Ìyá Alásè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í léèrè gbogbo ìró tó bá gbọ́. Kí ló ń kùn yẹn? Irin ni. Kí ló já bọ́ yẹn? Bíríkì ni, Màmá, kò balẹ̀ sórí nǹkan. Ó ti páìpù bọ inú ihò náà, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níta kí òjò má baà tibẹ̀ wọlé, ó fi ìdérí tí atẹ́gùn ń ṣí sí i lẹ́nu, ó sì fi sìmẹ́ńtì dí etí rẹ̀ yíká. Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà kọ́, ó fi omi inú ìgò wò ó bóyá ó dúró déédéé. Ó dúró déédéé.

Ó ku nǹkan kan. Nínú àwọn ilé ìdáná ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́, òfin iṣẹ́ wọn ni pé gáàsì kò gbọdọ̀ dé ojú iná bí fáànù kò bá tíì máa yí. Wọ́n a fi ẹ̀ṣọ́ kan sẹ́nu páìpù gáàsì, wọ́n a sì so okùn rẹ̀ mọ́ fáànù. Bí fáànù bá dúró, ẹ̀ṣọ́ yóò ti ọ̀nà gáàsì pa. Onífáànù ti fojú ara rẹ̀ rí alásè búrẹ́dì kan tí wọ́n gbé jáde nínú èéfín lójú ọ̀sán gangan, kò sì ka òfin náà sí àṣejù. Ṣùgbọ́n nílé àdáni, kò sẹ́ni tó ń fi irú rẹ̀ sí i. Òun fi í sí ti ìyá rẹ̀.

"Kí tún nìyẹn?" Ìyá Alásè bi í.

"Ẹ̀ṣọ́ gáàsì ni. Bí fáànù ò bá yí, gáàsì ò ní wá."

"Bí mi ò bá wá fẹ́ kó yí ńkọ́?"

"Ìdí ẹ̀ gan-an tí mo fi fi í síbẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ yín, Màmá. Kí n tó dé ojú títì, ẹ ti pa á."

"Bí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé kí ebi pa mí, kí gáàsì máa wò mí níran?"

"Mo ti so bátìrì mọ́ ọn."

"O ti ro gbogbo ẹ̀ tán."

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

Ó wá fọwọ́ wá orí ọmọ rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ sítóòfù, ó gbé ọwọ́ lé e. "Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ."

Ó ní, "Àmín."

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló dí i lójú. Kí òjò ọdún náà tó dá, ikọ́ Màmá ti fúyẹ́. Kí ọyẹ́ tó parí, ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu Onífáànù. Ó sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ tó gbé e.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ Ìyá Alásè bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Onífáànù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tíṣà ni tilé toko ń pè é, kì í sì í pẹ́ kó tó fún èèyàn ní máàkì. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́, ẹ̀wà jóná.

"Ìyá Alásè," Tíṣà wí, ó ń fi ṣíbí tú inú abọ́ rẹ̀, "ṣé ẹ̀wà lẹ sè àbí èédú?"

"Ẹnu yín ló ti di ẹnu olówó," ìyá wọn fèsì. "Ọ̀kan jóná, ẹ ti sọ ọ́ di ìròyìn."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrẹsì di ẹ̀kọ. Nígbà tó ṣe, epo gbiná nínú páànù, odi ìkòkò dúdú títí kan etí. Àwọn ọmọ kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin tó ti se oúnjẹ odindi ilé ìwòsàn láìsí pé ìkòkò kan jóná, kí ló dé tí kò lè se ti ẹni mẹ́ta?

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Tíṣà ti wọ ọkọ̀ lọ, Ìyá Alásè sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi, bá mi yọ okùn ẹ̀ṣọ́ yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan. Èmi fúnra mi á máa tan fáànù nígbà tó bá yẹ."

"Ikọ́ ńkọ́, Màmá? Ẹ gbọ́ bí àyà yín ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́."

Ó retí kí ìyá rẹ̀ jà á níyàn, torí obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Kò jà á níyàn. "Ó dáa," ló wí, ó jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó sì fọwọ́ tọ ògiri padà sínú ilé. Onífáànù rí ọwọ́ tó fi ń tọ ògiri. Ó rò pé àárẹ̀ ọjọ́ orí ni.

Iná ló parí ọ̀rọ̀. Ìyá Alásè na ọwọ́ mú ìdérí ìkòkò, iná mú apá aṣọ rẹ̀, kò sì tètè mọ̀. Aládùúgbò kan tó wá tọrọ ìṣáná ló da omi lù ú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà pe àbúrò rẹ̀ sí pálọ̀ ìyá wọn, ó sì jókòó bí ẹni tó fẹ́ ka èsì ìdánwò.

"Iyè Màmá ti ń ra," ló wí. "Ká má tan ara wa. Wọ́n á kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ mi."

"Iyè ta ló ń ra?" Ìyá Alásè wí láti orí àga rẹ̀. "Bi mí ní ìbéèrè, ìwọ Tíṣà."

"Ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ìwọ ń sá níṣẹ́ láti wá kó mi lẹ́rù."

Onífáànù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó dáa. Ta ló wá ń sun ẹ̀wà, Màmá? Ta ló sun ara rẹ̀ lánàá?"

Ìyá Alásè pa ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé mọ́ orí itan. Ó wá kọjú sí apá ibi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sí.

"Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi? Kí lo rí sí i?"

Onífáànù mọ̀ pé bí òun bá sọ pé kí wọ́n dúró ná, ẹ̀gbọ́n òun yóò dúró. Ó wo báńdéèjì náà. "Ẹ bá Ẹ̀gbọ́n mi lọ, Màmá. Ẹ lọ sinmi."

"O ti ro gbogbo ẹ̀ tán?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ṣì kọjú sí i, ó ń dúró de èsì, bí ẹni pé kò mi orí rárá. Onífáànù rò pé inú ló ń bí i.

Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n fi ilé náà háyà fún aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Tíṣà, wọ́n fún Ìyá Alásè ní yàrá tó dára, wọ́n ra oògùn iyè fún un, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Onífáànù ń lọ kí i. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ ikọ́ tó lọ.

Ó tó bí ọdún kan kí aránṣọ náà tó ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ èéfín kò fa èéfín tó mọ́. Ó kàn ń lọgun lásán ni. Onífáànù lọ ní òwúrọ̀. Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ó ń dín ẹja lórí sítóòfù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wò ó, ó ń pariwo bí ìyá ọkọ, kò sì ṣiṣẹ́ kan."

Onífáànù pa iná, ó gun àkàbà, ó tú asẹ́ tó ń gba ọ̀rá sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè sí ẹnu páìpù. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan rírọ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ ló kọ́kọ́ rò. Ó fà á, kò wá; wọ́n so ó. Ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Gèlè ni. Ó ti dúdú, ó ti kún fún ọ̀rá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ṣì funfun. Gèlè funfun tí ìyá rẹ̀ máa ń wé lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn ni.

"Àwa kọ́ o!" aránṣọ ké láti ìsàlẹ̀. "Bí a ṣe bá a nìyẹn!"

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé Ẹ̀gbọ́n òun jàre. Ẹni tí iyè rẹ̀ pé, ta ló ń ki gèlè bọ ọ̀nà èéfín? Lẹ́yìn náà ló wo bí wọ́n ṣe so ó. Ẹni tó so ó ti ká a ní ìlọ́po ìlọ́po, ó fi okùn rán an mọ́ wáyà kí fáànù má baà fà á wọnú, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tí ariwo ti ń jáde gan-an, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí èéfín lè rí ọ̀nà gbà. Ọmọṣẹ́ tòun kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Iyè tó ra kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìyá òun ló gun àpótí, ní ọjọ́ orí rẹ̀, tó na ọwọ́ sókè nínú òkùnkùn páìpù. Ariwo ló fẹ́ dín kù.

Ó yọ gèlè náà, ó dá asẹ́ padà, ó ní kí aránṣọ tan án, kó sì dá iná padà sábẹ́ ẹja. Ẹ̀rọ náà bú bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Aránṣọ ń sọ nǹkan fún un, bóyá ó ń dúpẹ́. Ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹja ń dín nínú páànù níwájú rẹ̀ gan-an, epo ń ta, kò gbọ́ ọ. Òórùn rẹ̀ pàápàá bá fáànù lọ. Lójijì aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré yí ẹja náà padà. Ẹ̀gbẹ́ kan ti jóná. Ojú ló fi rí i.

Onífáànù di ojú rẹ̀. Kò sí ẹja mọ́, kò sí páànù, kò sí sítóòfù. Ariwo nìkan ló kù.

Ó rántí etí ìyá rẹ̀ lára ẹ̀rọ kékeré náà, ọwọ́ tó ń tọ ògiri, àti orí tí òun mì tí ìyá òun kò rí. Ó gbé gèlè náà, ó sì gba ilé Tíṣà lọ.

Ìyá Alásè jókòó sórí àga ní ọ̀nà àárín tó lọ sí ilé ìdáná, níbi tí kò kúkú jìnnà sí iná jù. Onífáànù dúró níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń ró lápò rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ ti sọ pé ìwọ ni," ìyá rẹ̀ wí. "Kí lo gbé dání tó ń rùn bẹ́ẹ̀?"

Ó gbé gèlè náà sókè níwájú ojú rẹ̀. Ojú náà kò tẹ̀ lé e.

"Màmá," ló wí, "láti ìgbà wo?"

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó gba gèlè náà, ó fi ìka wá ojú okùn tó rán. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mí kanlẹ̀.

"Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ti òsì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tá a lọ ra ẹ̀rọ, òjìji ni mò ń rí."

"Ẹ ń sè é, a ń jẹ ẹ́!"

"Ṣé ojú ni mo fi ń sè é? Ọwọ́ mi mọ ibi tí iyọ̀ wà. Àlùbọ́sà a máa sọ̀rọ̀ bó bá jinná. Bí omi ìrẹsì bá fẹ́ tán, ohùn rẹ̀ á yí. Ẹ̀wà kì í jóná láìkìlọ̀. Ńṣe ló máa kọ́kọ́ dákẹ́." Ó ká gèlè náà sórí itan. "Ẹ̀rọ rẹ kò wá jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Kò jẹ́ kí n gbóòórùn. Mo ní kí n fi èyí dí i lẹ́nu. Kò gbà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo ti fọ́jú? Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni Tíṣà á kó ẹrù mi. Mo bá dákẹ́." Ó fi imú rẹ́rìn-ín. "Ó tún kó o náà."

Onífáànù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láìmọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Ẹ jì mí, Màmá. Ẹ ì bá ti wí fún mi."

"Mo wí fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wí fún ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, bí kò ṣe bí ẹni tó ń tún ìròyìn sọ fún ẹni tó pẹ́ dé. "O fẹ́ràn mi. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó o gbọ́."

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ náà. Dókítà fi iná wò ó, ó ní kí ló dé tí wọn kò mú un wá lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ṣì ń rí òjìji. Oògùn ì bá ti dá èyí tó kù dúró. Lọ́dún tó kọjá, oògùn iyè ni wọ́n ń fún un lò. Tíṣà wo ilẹ̀.

Onífáànù padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí. Ó ṣàpèjúwe ẹ̀rọ kékeré náà. Ọmọbìnrin ọlọ́jà rántí. "Èyí tí Màmá ní ó ń mí bí ọmọ tó sùn?" ló wí. "Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, bọ̀dá. Ẹnikẹ́ni ò rà á."

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Tíṣà ń dáná. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí èéfín lè jáde. Onífáànù jókòó ti Ìyá Alásè ní ọ̀nà àárín, ó sì kó gbogbo ohun tó ti ń rò sílẹ̀. Yóò wá ilé mìíràn fún aránṣọ. Yóò tú ẹ̀rọ náà, yóò gé okùn ẹ̀ṣọ́, yóò fẹ fèrèsé. Gbogbo nǹkan yóò padà sí ibi tó wà.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Má lé e." Ó gbé ọwọ́ sókè kí ọmọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. "Gbọ́. Nígbà náà, mo ń rí òjìji. Òjìji ìkòkò, òjìji ọwọ́ mi. Ìyẹn àti etí, wọ́n tó mi. Báyìí, etí nìkan ló kù. Ọwọ́ mi sì ti jókòó lásán lọ́dún kan. Ó ti gbàgbé ọ̀nà."

"A lè kọ́ ọ padà, Màmá."

"Bóyá." Bí ó ṣe sọ ọ́, ó yé ọmọ rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti ilé ìdáná, Tíṣà ké pé òun ń lọ ká aṣọ lórí okùn, kí ẹnì kan máa ṣọ́ iná. Nǹkan ń dín nínú páànù. Onífáànù gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò, ìró kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Alásè gbé orí sókè. "Gbé àlùbọ́sà yẹn kúrò."

"Màmá?"

"Ó ti sọ̀rọ̀. Lọ gbé e."

Ó dìde, ó lọ, ó gbé páànù náà kúrò lórí iná.

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ìyá rẹ̀ bi í láti orí àga.

Ó wò ó dáadáa kó tó fèsì, torí kò fẹ́ mi orí mọ́. "Ó pọ́n, Màmá. Etí rẹ̀ díẹ̀ ti ń dúdú."

"Ó pẹ́ kó o tó dìde," ló wí.